Òpó Tí Mo Pè Ní Òfo

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Ìṣẹ́jú 26. Bí Àká ṣe pẹ́ tó kó tó jí lónìí nìyẹn, láti aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 15 títí di ìṣẹ́jú 41. Aago ọwọ́ mi ni mo fi kà á. Oníbàárà 19 dúró ní kántà. 7 bínú lọ.

Bẹ́ẹ̀, nǹkan kékeré ni mo ṣe. Ẹlẹ́nu Dídùn tó ń dá oníbàárà lóhùn ní kántà ló ní òun fẹ́ ibi tí òun á máa kọ ọ́ sí bí mẹkáníìkì bá ti pè láàárọ̀ tí kò tíì wá gbé ọjà rẹ̀. Mo ní kò burú. Mo fi òpó kan kún àtẹ ọjà. Òpó kan ṣoṣo. Àká sì dì gbagidi.

(Àká ni mo ń pe dátábéèsì wa, torí pé inú rẹ̀ ni gbogbo nǹkan wà. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ 48,000 ó lé díẹ̀: ìlà kan fún páálí ọjà kan, òpó kan fún ohun kọ̀ọ̀kan tí a fẹ́ mọ̀ nípa ọjà náà. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń tọ́jú rẹ̀. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà. Ìyókù, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ́ ọ.)

Ọ̀gá jáde láti inú yàrá rẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn wo aago ara ògiri, ó wò mí, ó tún wo aago. Ó ní ẹnì kan ń bọ̀ lọ́la tí yóò ràn wá lọ́wọ́.

Ìrànlọ́wọ́. Ta ló bẹ̀ ẹ́?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kẹta

Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́ ni.

Ọjọ́rú, 5 oṣù kẹta

Kí n kọ ọ́ dáadáa, ọwọ́ mi ti balẹ̀ díẹ̀.

Ẹni tí Ọ̀gá gbà ni àbúrò ọkọ mi obìnrin. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí mo wọ ilé wọn. Èmi ni mo ń di irun rẹ̀, èmi ni mo ń fọ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó ti wà nílé kí wọ́n tó gbé mi wọlé, ọkọ ni ó jẹ́ fún mi, n kò sì gbọ́dọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Mo sọ ọ́ ní Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́ torí pé ó rí tín-ín-rín, kì í gba àyè lórí ẹní. Ọdún 18 ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Nínú yàrá ìdáná, ó dùn lẹ́nu. Níbi iṣẹ́ —

Lánàá ó wọlé tòun ti báàgì lẹ́yìn, ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ẹ kú iṣẹ́." Níwájú gbogbo wọn. Mo ti kúnlẹ̀ dé ìdajì, mo ti ní "Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́, ọkọ mi, ẹ káàbọ̀" kí n tó rántí ibi tí mo wà. Orúnkún mi ló ṣe é, kì í ṣe èmi. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo ilé iṣẹ́ ti ń pè é ní Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́. Orúkọ tí mo fi ẹnu ara mi sọ. Wọ́n gba ìyẹn náà fún un.

Mo bi Bàbá Àwọn Ọmọ bóyá ó mọ̀. Ó mọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti mọ̀. Ó ní òun rò pé inú mi á dùn, pé ẹbí kan náà ni gbogbo wa. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni mo ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ọjọ́ 21. Ẹ̀ẹ̀mejìlélógójì ló jẹun tán tó nu ẹnu, tí kò sọ ọ́ fún mi.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kẹta

Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́ ka iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ó ń gba Àká láti wá ọjà kan jáde. 41. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó. Ọ̀gá pariwo "Há" bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

Mo sọ ọ́ fún un lọ́dún tó kọjá nígbà tó ṣì wà ní 33. Ó ní òǹkà mi ti pọ̀ jù.

Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ sí ẹ̀yìn àpò ìwé kan: à ń wá ọjà bí ìgbà 163 lójúmọ́. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 51 ni à ń fi ń wo ojú Àká. Mo fẹ́ fi han Ọ̀gá. Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́ ti ń ṣe é lórí pátákó. Iye kan náà ló rí. Mo ká àpò ìwé mi, mo fi sápò.

Ẹtì, 7 oṣù kẹta

Ìpàdé. Gbogbo wa, títí kan Alágídí olórí ilé ìkẹ́rùsí tí kì í wá sí ìpàdé.

Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́ ní kì í ṣe pé Àká ti gbó, pé a kò jẹ́ kó sinmi ni. Ó ní bí ènìyàn bá ń wó ògiri tó tún ń mọ ọ́n nínú ilé ìtajà nígbà tí oníbàárà ń rajà, oníbàárà á dúró síta dandan. Kí a máa mọ ògiri nígbà tí ilé bá wà ní títì. Ó yé gbogbo wọn. Alágídí mi orí. Ìyẹn ló dùn mí jù, pé ó yé wọn.

Òfin wá jáde. Láti ọjọ́ Ajé, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi òpó kún Àká tàbí kó yọ òpó nígbà iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ nǹkan á kọ fọ́ọ̀mù. Wọ́n á dán an wò lórí ẹ̀dà Àká fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹnì kejì á wò ó, á fọwọ́ sí i, lẹ́yìn náà ni Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́ nìkan yóò ṣe é láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ọ̀rọ̀ aṣínà tí mo fi ń wọ inú Àká ṣì ń ṣiṣẹ́, mo lè kà, mo lè kọ. Ṣùgbọ́n n kò lè mọ ohunkóhun mọ́. Ojú mi wà níbẹ̀, ọwọ́ mi wà níbẹ̀, wọ́n kàn gba òòlù.

Ta ni ẹnì kejì tí yóò máa fọwọ́ sí i? Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́ ní kó jẹ́ ìyàwó wa, pé èmi ni mo mọ ilé náà jù. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún mi.

Wọ́n fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún.

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù kẹta

Ẹni 11 lọ sí ìdí tábìlì rẹ̀. Ẹni 2 wá sí ìdí tèmi. Ọ̀kan nínú àwọn méjì náà ń wá a ni.

Tẹ́lẹ̀, n kì í lè mu omi kí ẹnì kan má sọ pé "Màmá, ẹ bá mi fi kan kún un." Ọdún 11, n kò sọ "rárá" fún ẹnikẹ́ni rí. Ẹni tó ń sọ "ẹ kọ fọ́ọ̀mù" ni wọ́n wá ń tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ fún.

Alágídí rẹ́rìn-ín sí i. Ọdún 11 tí a jọ ń ṣiṣẹ́, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé eyín rẹ̀ pé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù kẹta

Ó gbé àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní òpó 214 ló wà nínú àtẹ ọjà, kí n jọ̀wọ́ sọ ìtàn wọn fún òun lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó wúlò, èyí tí kò wúlò mọ́.

173 nínú wọn, ọwọ́ mi ló bí wọn. Kò sí èyí tí n kò mọ̀. Orúkọ kúkúrú ni mo fún gbogbo wọn, lẹ́tà kan, nọ́ńbà kan. N kì í fi lẹ́tà ṣòfò. Òpó ti orí pẹpẹ tí òjò ń jò sí. Òpó ti oníbàárà tí kì í gba ọjà tí páálí rẹ̀ bá ya. Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́ ń rẹ́rìn-ín, ó ń kọ ọ́, ó ń bi mí sí i. Wákàtí méjì. Kí n má parọ́, ó dùn mọ́ mi. Kò sẹ́ni tó jókòó tì mí bẹ́ẹ̀ rí níbi iṣẹ́.

Ìgbà náà ni Ọ̀gá ń kọjá. Ó wo ìwé rẹ̀ tó ti kún, ó ní "Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́, o káre láé." Ó kọjá lọ. Àgbọn mi ti ń ro mí láti ọ̀rọ̀ sísọ. Òun ló káre.

Òpó tó kàn ni K9. Ó ní, "Èyí ńkọ́, ìyàwó wa?"

Mo ní, "Òfo ni. N kò rántí ohun tí mo fi ṣe."

Ó fàlà sí i.

Ọjọ́rú, 12 oṣù kẹta

Ohun tí K9 jẹ́, kí n kọ ọ́ síbí, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní kà á.

Lóṣù kẹsàn-án ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, oníbàárà kan dá bíréékì padà, ó ní kì í mú. Lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn. Ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n fi nọ́ńbà àwọn páálí tí kò dára ránṣẹ́ sí wa, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá kó wọn. Wọn kò tíì wá. Orí pẹpẹ kan náà ni àwọn tó dára àti àwọn tí kò dára wà, páálí wọn kò yàtọ̀. Alágídí ní kí a mọ ọgbà onírin kékeré yà wọ́n sọ́tọ̀. Èmi ni mo ní kí la fẹ́ fi ọgbà ṣe, òpó kan kì í gba àyè, kì í sì í gba irin. Ọ̀gá yìn mí lọ́jọ́ náà. K fún "kọ̀ ọ́", 9 fún oṣù kẹsàn-án.

Páálí 37 ni mo sàmì sí. 37 nínú ìlà 48,000. Ẹni tó bá wò ó fìrí, òfo ló máa rí. Kò sí ojú ìwé tó ń ka K9. Èmi ni mo ń kà á. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé bíréékì jáde, Alágídí á pè mí lórí fóònù, á ka nọ́ńbà, mo máa wò ó, mo máa ní "gbé e" tàbí "fi sílẹ̀". Bí ìgbà mẹ́fà lójúmọ́.

N kò mọ àwọn nọ́ńbà náà sórí. Kò sì sí níbòmíràn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá yọ ọ́ tí Alágídí bá pè, mo máa ní, "Ẹ bi Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́." Ká wo ohun tí yóò dáhùn.

Ẹtì, 14 oṣù kẹta

Àká kò dákú lẹ́ẹ̀kan láti ọjọ́ Ajé. Odindi ọ̀sẹ̀. Òfin yẹn nìkan ló ṣe é, wọn kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan.

Èmi ni mo ń da Àká láàmú nígbà náà. Mo kọ ọ́ síbí. N kò ní sọ ọ́ jáde.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù kẹta

Lánàá wọ́n yọ òpó 52 àkọ́kọ́, wọ́n sì ṣe atọ́ka tuntun tí Àká á máa fi wá ọjà. K9 kò sí nínú ìyẹn. Èmi ni mo fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà, òfo ni gbogbo wọn lóòótọ́.

Láti 41 sí 9.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, bóyá aago mi ti ń sáré. 9. Ìṣẹ́jú 24 lójúmọ́ dípò wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 51. Mo tún un ṣírò lẹ́ẹ̀mejì, mo ń wá àṣìṣe. Kò sí. Ẹlẹ́nu Dídùn ní òun kò tíì parí ìkíni tí ọjà ti jáde, pé òun kò rí àyè ṣòfófó mọ́.

Inú gbogbo wọn dùn. Mo fi ẹnu rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 19 oṣù kẹta

Fọ́ọ̀mù kejì dé orí tábìlì mi. Òpó 44. K9 ni ìkọgbọ̀n nínú wọn. Wọ́n ti yọ ọ́ lórí ẹ̀dà láti àárọ̀. Ẹ̀dà kò ráhùn. Kí ni yóò mú un ráhùn, ìgbà tó jẹ́ èmi nìkan ni mo ń kà á?

Ààyè ìfọwọ́sí mi ṣófo. Mo gbé ife omi lé e.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù kẹta

Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́ wá kí wa nílé. Bàbá Àwọn Ọmọ dìde fún un lórí àga tirẹ̀. Kó tiẹ̀ dìde, mo lè gbà á. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ọmọ mi obìnrin gbé ìwé ìṣirò rẹ̀, ó gba iwájú mi kọjá, ó gbé e lé Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́ lẹ́sẹ̀. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn tèmi ni. Nínú ilé yìí, gbogbo nǹkan mìíràn, ẹ lè bi ẹlòmíràn, ìṣirò tèmi ni. Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣe é fún un ní ọ̀nà kan tí n kò mọ̀, ìlà méjì péré. Tèmi máa ń gba ìlà márùn-ún. Ọmọ náà ní, "Màmá, ẹ wo bó ṣe rọrùn."

Mo lọ ń fọ abọ́ tó ti mọ́.

Ẹtì, 21 oṣù kẹta

Mo fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù kẹta

Mo jókòó láti òwúrọ̀, mo ń ṣe ìṣirò tí ẹnikẹ́ni kò fún mi.

Páálí 37. Páálí kan, ọkọ̀ kan. Ènìyàn mẹ́rin nínú ọkọ̀. 148.

Mo ní ó pọ̀ jù. Ká ní awakọ̀ nìkan ló wà nínú rẹ̀: 37. Ká ní ìdajì ni wọ́n máa tà kí ẹnì kan tó fura: 18. Ká ní mẹkáníìkì tó já fáfá yóò dá ìdajì ìyẹn mọ̀ kó tó dè é mọ́ ọkọ̀: 9. Ká ní 8 nínú wọn á rọra sáré, wọn á rí ọ̀nà dúró.

1.

Mo ti ń ṣírò láti ọmọdé. N kò rí ọ̀nà tí mo lè gbà kí ó di òdo.

Bàbá Àwọn Ọmọ ní kí ló ń ṣe mí, mo ní orí ń fọ́ mi. Ó ní kí n lọ sùn, pé òun á dáná. Ọkùnrin yìí kò dáná fún mi láti ọdún kẹta tí a ti fẹ́ra. N kò lè jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 23 oṣù kẹta

Mo kúrò nílé ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. N kò dúró de ọkọ̀. Mo fi ẹsẹ̀ rìn ín, mo sáré díẹ̀ níbi tí kò sí ènìyàn.

Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Kántà wà ní títì, iná orí tábìlì rẹ̀ nìkan ló ń tàn. Fọ́ọ̀mù náà wà níwájú rẹ̀, ìka rẹ̀ wà lórí òpó kẹrìndínlógún. Ó ń ka gbogbo orúkọ wọn sókè kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n, bí ẹni ń pe ọmọ ilé-ìwé. Ó ní, "Háà, ìyàwó wa, kí ló gbé yín wá lónìí?"

Mo ní, "Ẹ má dé orí K9. Kì í ṣe òfo."

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Oṣù kẹsàn-án, páálí 37, fóònù Alágídí. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. Ó wo ibi tí mo fọwọ́ sí lórí fọ́ọ̀mù náà. N kò ka bó ṣe pẹ́ tó.

Ó ní, "Ṣé ẹ mọ̀ lọ́jọ́ tí mo bi yín?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì fọwọ́ sí i."

"Mo fọwọ́ sí i."

Ó bi mí ìdí rẹ̀. Ohun tó yẹ kí n sọ pọ̀: orúkọ, àga, eyín Alágídí, ìwé ìṣirò ọmọ mi. Kò sí ọ̀kan tó tó ohun tí ènìyàn lè gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíréékì. Mo ní, "Mò ń jowú yín."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó mú bírò, ó fàlà pa ìlà ìkọgbọ̀n rẹ́, ó fọwọ́ sí i, ó kọ déètì, ó na bírò sí mi. Èmi náà fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, ó pa kọ̀ǹpútà. Ó ní òun kò ní yọ ìkankan lónìí.

A jọ tìlẹ̀kùn. Ó gba apá òsì, mo gba apá ọ̀tún.

Ọjọ́ Ajé, 24 oṣù kẹta

Ó sọ fún Ọ̀gá níwájú mi. Kò fi iyọ̀ sí i, kò sì bu nǹkan kan kúrò. Ọ̀gá ní kí n kó ẹrù mi lọ sí ilé ìkẹ́rùsí, kí n lọ máa ka páálí, kí n má fojú kan Àká mọ́. Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́ ní rárá. Ó ní kò sí ẹlòmíràn tó mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Mo ti fẹ́ dúpẹ́. Ó ní, "N kò gbè yín o. Mo nílò yín ni."

Alágídí kó páálí 37 náà kúrò lórí pẹpẹ kó tó di ọ̀sán, mo ń ka nọ́ńbà wọn fún un. Wọ́n ti ń wọn ilẹ̀ fún ọgbà onírin. Kò bá mi wí. Ó kàn ń dá mi lóhùn ní "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá".

Lọ́sàn-án, Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́ bi mí pé òpó mélòó mìíràn ni mo ti parọ́ nípa rẹ̀. Mo ní ọ̀kan yẹn ṣoṣo. Òótọ́ ni. Ó wojú mi. Mo rí i pé kò ní ohun tó lè fi mọ̀, èmi náà kò sì ní ohun tí mo lè fi hàn án. Ó ní ó dáa, òpó 162 ló kù nínú àtẹ, kí a tún gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí 10 àti ìṣẹ́jú 48. Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní yóò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 oṣù kẹta

Ó gbé àga wá, kò sún un mọ́ mi tó ti tẹ́lẹ̀. Pẹ́ńsù ló mú wá lónìí, kì í ṣe bírò.

Òpó àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà ọjà. Ó ní kí ló wà fún. Mo ní nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára páálí ni, pé ọmọdé mọ̀ ọ́n. Ó kọ ọ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́. Ó ní kí n lọ gbé páálí kan wá, kí òun fi ojú ara òun rí i.

Mo dìde, mo lọ gbé e wá.